Kí Ló Dè Wá Pọ̀? Ìbéèrè Tí Sosiọ́lọ́jì Kò Tíì Dáhùn Tán



Bí ọmọ kan bá wọ ẹ̀kọ́ másítà nínú físíìsì lónìí, kò sí olùkọ́ tí yóò ní kó lọ ka ìwé tí Newton fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ohun tó wúlò níbẹ̀ ti wọ inú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ tuntun tipẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sosiọ́lọ́jì ló wọ̀, ìyẹn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa bí ẹ̀dá ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbé ìwé ọdún 1893 lé e lọ́wọ́, àti ti 1651 pàápàá. Àwọn tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí wọ́n wá yà sí ẹ̀ka yẹn fún oyè kejì máa ń bi mí pé, "Prof, kí ló dé? Ṣé àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í tẹ̀ síwájú ni?"

Wọ́n ń tẹ̀ síwájú. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa ìgbéyàwó, iṣẹ́, ẹ̀wọ̀n, ilé ìwé àti ẹ̀sìn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè mélòó kan wà ní ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà tí kì í kú. Kí ló so àwọn ènìyàn pọ̀ tí wọn kò fi tú ká? Ṣé ènìyàn ló ń ṣe àwùjọ ni, àbí àwùjọ ló ń ṣe ènìyàn? Ṣé ẹni tó wà nínú nǹkan lè mọ nǹkan ọ̀hún bó ṣe rí gan-an? Ìran kọ̀ọ̀kan ní láti tún wọn dáhùn, nítorí pé àwùjọ tí a ń béèrè nípa rẹ̀ ń yí padà, ẹni tó sì ń béèrè wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé Hobbes títí dé Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ bọ́ sójú agbo. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé orí ti Ifẹ̀ yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan kò gbọ́ ọ rí; àwọn mìíràn sì gbọ́ ìwọ̀nba tí wọ́n lè fi yangàn. Èmi kò rí èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó èsúsú

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin mẹ́wàá nínú ọjà kan dá èsúsú, ₦10,000 lóṣù. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o gba ₦100,000 nígbà tí ohun tó tíì san kò ju ₦10,000 lọ. Láti ọjọ́ náà, gbèsè ₦90,000 wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí lọ́yà, kò sí ohun ìdúró. Kí ló dá a dúró tí kò fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó gba ọjà mìíràn lọ?

Àṣà yìí kì í ṣe tòní. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Ó tẹ̀ lé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun; ní Trinidad, sou-sou ni wọ́n ń pè é títí dòní. Bí ẹni tó kọ́kọ́ kó o bá ń sá lọ nígbà gbogbo ni, àṣà náà ì bá ti kú. Nǹkan kan ń dá wọn dúró.

Thomas Hobbes ní ẹ̀rù ni. Ó rí ogun abẹ́lé tí ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ilé aṣòfin bá ara wọn jà, ó sì kọ ìwé Leviathan ní 1651. Lójú tirẹ̀, bí kò bá sí alágbára kan tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, oníkálukú yóò máa du tirẹ̀, ayé yóò sì di ìjà lójoojúmọ́. Nítorí náà ni àwọn èèyàn ṣe gbé agbára wọn fún aláṣẹ kan, kí wọ́n lè sùn kí wọ́n dijú.

Ní 1937, Talcott Parsons, olùkọ́ ní Harvard, gbé ọ̀rọ̀ yìí padà wá sójú táyé, ó sì sọ ọ́ ní ìṣòro ètò tí Hobbes fi sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rù nìkan kò tó. Bí oníkálukú bá ń ṣírò èrè tirẹ̀ nìkan, jìbìtì àti ipá náà jẹ́ ọ̀nà sí èrè. Ta ni yóò wá ṣọ́ aṣọ́nà? Ó kó àwọn onímọ̀ mẹ́rin jọ, Marshall, Pareto, Durkheim àti Weber, ó ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti gbéra, ibì kan náà ni wọ́n dé: pé ohun tí àwọn èèyàn jọ gbà pé ó dára ló so wọ́n pọ̀, ó sì ti wọ inú wọn kí wọ́n tó mọ̀. Obìnrin ọjà wa kò sá lọ nítorí pé irú ẹni tó jẹ́ kọ́ nìyẹn. Ìtìjú yóò ti bá a nínú yàrá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá a délé.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi kọjú ìjà sí i. Ní 1959, C. Wright Mills bẹnu àtẹ́ lu Parsons pé ó ń kọ̀wé bí ẹni pé kò sí agbára àti ìrẹ́jẹ láyé. Nínú ìwé tirẹ̀ ní ọdún kan náà, Ralf Dahrendorf, ọmọ Jámánì, ní ìjà àti ìyapa kì í ṣe àìsàn tó ń ṣe àwùjọ. Ara àwùjọ ni wọ́n. Ìbéèrè tiwọn ni pé: ètò tí ẹ ń yìn yìí, ta ló ń jèrè rẹ̀? Ẹ fi ìbéèrè yẹn pamọ́. A óò nílò rẹ̀.

Ìbátan àti àjèjì

Kí Parsons tó dé, àwọn ará Yúróòpù ti ń jà lórí irú ìsopọ̀ tó wà. Ferdinand Tönnies tẹ ìwé kan jáde ní 1887 tó pín ìgbépọ̀ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ti ẹbí, abúlé àti ọ̀rẹ́, níbi tí ìsopọ̀ ti ṣáájú àdéhùn. Èkejì ni ti ìlú ńlá àti ọjà, níbi tí àdéhùn ti ṣáájú ìsopọ̀. Tönnies yìí kan náà ló ṣe àtúntò àwọn ìwé Hobbes méjì fún títẹ̀ ní 1889, nítorí náà ìbéèrè àtijọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an nígbà tó ń ronú.

Émile Durkheim ka ìwé Tönnies, ó sì kọ àgbéyẹ̀wò rẹ̀ ní 1889. Kò fara mọ́ ọn pé ìlú ńlá kò ní ìsopọ̀ tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1893, ó ní ìsopọ̀ méjì ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ní agbára. Ti àkọ́kọ́ wá láti inú ìjọra: iṣẹ́ kan náà, ìgbàgbọ́ kan náà. Ti èkejì wá láti inú ìyàtọ̀: alágbẹ̀dẹ nílò àgbẹ̀, àgbẹ̀ nílò alágbẹ̀dẹ. Ó tún sọ ohun kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè fi sọ́kàn, pé lẹ́yìn gbogbo àdéhùn, àwọn òfin kan wà tí àwọn tó ń ṣàdéhùn kò bá ara wọn sọ, tó jẹ́ pé àwọn ló mú àdéhùn dúró.

Georg Simmel tirẹ̀, ní 1908, bi í léèrè pé báwo ló ṣe ṣeé ṣe rárá kí àwùjọ wà. Ó sì kọ ojú ìwé díẹ̀ nípa àjèjì, ẹni tó dé lónìí tí kò sì lọ lọ́la, tó wà láàárín wa tí kò sì fi gbogbo ara jẹ́ tiwa. Ẹ rántí Simmel yìí. Ó máa dé Ifẹ̀.

Ta ló ní kí o pe àgbà ní "ẹ"?

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ọgbà tèmi díẹ̀, nítorí pé ìbéèrè kejì, ti ènìyàn àti àwùjọ, kò ní àpẹẹrẹ tó dára ju èdè lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní Ọ̀yọ́ sọ fún ìyá àgbà pé "o káàárọ̀." Ariwo sọ! Wọ́n ní kó sọ pé "ẹ káàárọ̀, mà." Ta ló ṣe òfin yìí? Kò sí ọba tó kéde rẹ̀. Ọmọ náà bá a nílẹ̀ ni, kò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ohun tí Durkheim fi ń ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ àwùjọ nìyẹn: ó wà níta wa, ó sì ń fipá mú wa. Roger Brown àti Albert Gilman, nínú iṣẹ́ kan ní 1960, fi irú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ báyìí hàn nínú àwọn èdè Yúróòpù, pé nǹkan méjì ló ń darí wọn, agbára àti ìfararora.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì. Àwọn ìyàwó kan ṣì ń pe ọkọ wọn ní "ẹ". Àwọn mìíràn ń pè é ní "o", ilé kò sì dà wó. Àwọn yẹn náà kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí iye àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bá ń pọ̀ sí i, òfin náà yóò yí padà láìsí ìpàdé kankan. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1984, Anthony Giddens gba ibí yìí wọlé. Ó ní gbogbo ìgbà tí a bá sọ gbólóhùn kan tó bá òfin èdè mu, a ń lo èdè ni, a sì tún ń gbé èdè náà ró kó má bàa kú. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣe wa àti àwùjọ ṣe rí. Ìdáhùn tó bọ́gbọ́n mu ni, àmọ́ kò pa ìbéèrè náà. Ó kàn fi hàn pé kò yẹ ká fi ọ̀bẹ pín in sí méjì.

Láti Fadipe dé Akìwọwọ

Ṣé àwa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? A wà níbẹ̀ tipẹ́. Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀ fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá sílẹ̀ ní Yunifásítì London ní 1939. Ó ti kú kí Ibadan University Press tó tẹ̀ ẹ́ ní 1970, lẹ́yìn tí àwọn Òkédìjí méjì ṣe àtúntò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbo ilé, ìgbéyàwó, ilẹ̀ àti oyè ṣe rí yóò ṣì rí nǹkan kó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àpèjúwe ni iṣẹ́ Fádípẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀: àwùjọ Yorùbá ni ohun tí a ń wò. Bóyá Yorùbá lè fún wa ní ohun tí a óò fi wò, ìyẹn kọ́ ni ohun tó jókòó ṣe.

Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Ìbàdàn, wọ inú tíọ́rì tààrà. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1974 dá lórí pàṣípààrọ̀. Ó fi hàn pé ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ń gbà rí i: àwọn kan, bí i George Homans ti Amẹ́ríkà, ń wo èrè ẹnìkọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn, bí i Lévi-Strauss ti Faransé, ń wo àwùjọ tó ń fi fífúnni àti gbígbà so ara rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi wé oko àti ọjà wa. Nínú àáró, bá mi ro oko lónìí, n ó bá ọ ro tìrẹ lọ́la. A mọ ẹni tó jẹ wá. Nínú èsúsú, ẹni mẹ́sàn-án ni mo ń san án fún, tèmi sì ń bọ̀ láti ọwọ́ gbogbo wọn. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí èkejì nílò pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní 1975, Ekeh tún sọ ọ̀rọ̀ tó ń ta wá lára títí dòní. Ó ní ìjọba àwọn òyìnbó fi gbàgede méjì sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan ni ti ẹbí àti ìlú ẹni, níbi tí ìwà rere ti ń de èèyàn. Èkejì ni ti ìjọba, níbi tí a kò ti rò pé a jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Èèyàn kan náà tí kò ní fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ lè kó ti ìjọba, kó sì fi ṣe ẹgbẹ́ náà lóore, kí wọ́n sì fi oyè dá a lọ́lá.

Akínṣọlá Akìwọwọ, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ (kó tó di Obafemi Awolowo ní 1987), ló gbé ìgbésẹ̀ tó kù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ṣe fún gbogbo ọgbà, Àjọbí àti Àjọgbé ni àkọlé tirẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1983. Ẹ̀ka àkọlé náà lo ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń túmọ̀ Simmel. Ó mọ ibi tí òun ń lọ. Kò sọ pé òun fẹ́ fi Simmel ṣàlàyé Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì ló gbé kalẹ̀, ó ní ẹ wò ó bí wọn kò bá ní lè ṣàlàyé ìgbépọ̀ ẹ̀dá níbi gbogbo: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀, àti àwọn tí ibùgbé so pọ̀.

Ní 1986, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sosiọ́lọ́jì lágbàáyé dá jọ́nà International Sociology sílẹ̀. Ọdún náà gan-an ni àpilẹ̀kọ Akìwọwọ jáde nínú rẹ̀. Ó mú àyájọ́ kan tó jẹ mọ́ ìṣẹ̀dá ayé, ó yọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àṣùwàdà: ṣíṣù pọ̀ tí ìwà fi ń di odidi. Ó ní ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀ tí kò jọ ti ẹlòmíràn, ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀; àmọ́ kò sí ẹni tó lè dá nìkan mú un dé ojú ọ̀nà. Àwọn tó bá ya ara wọn sọ́tọ̀ nítorí ìmọtara-ẹni ló ń fa ìpọ́njú bá àwùjọ. Ẹ rí i pé Hobbes fi ẹnìkọ̀ọ̀kan tó dá wà bẹ̀rẹ̀, ó wá ń wá ohun tí yóò so wọ́n pọ̀. Akìwọwọ fi ìṣùpọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ìdí rẹ̀ ni ìtúká.

Ìjà tó fi ọ̀wọ̀ hàn

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu másítà kọ́. Moses Akin Mákindé, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ní Ifẹ̀, gbé àṣùwàdà yẹ̀ wò nínú jọ́nà kan náà ní 1988. Ní 1990, Ọlátúndé Báyọ̀ Láwuyì àti Olúfẹ́mi Táíwò dá àwọn méjèèjì lóhùn. Wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbà pé ó dára kí a máa ti inú èdè wa rò nípa àwùjọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò léraléra, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ń yí láti ibì kan dé ibòmíràn, àti pé ó ṣì ku bí a óò ṣe fi ṣàlàyé nǹkan kan pàtó tó ń ṣẹlẹ̀.

Paulin Hountondji ti ilẹ̀ Benin ti kìlọ̀ irú rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí ṣáájú: ohun tí gbogbo ìlú gbà láìjiyàn kò tíì di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, àríyànjiyàn ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Nípa ti ìkìlọ̀ yìí, Ifẹ̀ yege. Láàárín 1986 sí 1990, àwọn ọmọ Yorùbá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ja ìjà tíọ́rì lójú gbogbo ayé, lórí ìbéèrè tí Hobbes fi sílẹ̀. Raewyn Connell ti Australia tún ìjà náà gbé yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ Southern Theory ní 2007. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ wa míì yóò ti inú ìwé Connell kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Akìwọwọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ lè tàn wá

Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, mo ní nǹkan kan láti fi kún un. Ẹ wo jọ nínú àjọbí àti àjọgbé. Òun náà ló wà nínú àjọṣe, àjọjẹ, àjọyọ̀, àti nínú gbólóhùn bí i "a jọ lọ." A tún ní jọ mìíràn, "ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀." Ohùn kan náà, lẹ́tà kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ka Durkheim lè fò sókè: ìsopọ̀ láti inú ìjọra! Yorùbá ti fi ìjọra àti ìsopọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n tó bí Durkheim!

Ẹ rọra. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá dún bákan náà, ìyẹn kò tó ẹ̀rí pé orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Ká tiẹ̀ gbà pé ọ̀kan ni wọ́n látilẹ̀, ohun tí ìyẹn máa sọ fún wa ni ìtàn ọ̀rọ̀. Kò ní sọ ìdí tí obìnrin ọjà kò fi sá lọ. Tíṣù ọ̀rọ̀ wò dùn púpọ̀, èmi náà ti jẹun lórí rẹ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí fún tíọ́rì. Ẹnu ọ̀nà ni.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ́kọ́ kàwé ní Ìbàdàn kó tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1997 ni ìgbìyànjú tó lágbára jù láti gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Ó ní ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọjọ́ orí àti bí èèyàn ṣe wọ ilé ni wọ́n fi ń to àwùjọ, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ó tọ́ka sí èdè: "ó" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà kò sọ ọ́. Bibi Bakare-Yusuf wá bi í pé, ṣé ohun tí kò sí nínú èdè kò lè sí láyé ni? Mo ní àpẹẹrẹ kan tó ti Bakare-Yusuf lẹ́yìn. Nínú àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá kan, bí i ti Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ọmọ lè lo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹlẹ́nìkan fún bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ní ó ṣe àfojúdi. Ìyàtọ̀ inú gírámà kò sí níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ fún àgbà wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ti inú èdè dé inú àwùjọ gbọ́dọ̀ kó ìṣe àti ìtàn dání.

Ẹ jẹ́ ká kó ìtàn wá

Bí a bá fi ìtàn dán àjọbí àti àjọgbé wò, nǹkan méjì yọjú.

Àkọ́kọ́, àwọn ọ̀rọ̀ náà ní agbára. Ìbàdàn, tí àwọn ọmọ ogun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ní nǹkan bí 1829, jẹ́ ìlú àjọgbé gidi. Kò sí ìdílé ọba kan tó bí gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n fi ṣe ètò ni àtẹ̀gùn oyè, ìlà ti ìgboro àti ìlà ti Balógun, tí àwọn Mọ́gàjí ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ní 1830, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀: àwọn ìlú Ẹ̀gbá sá wá sábẹ́ Olúmọ, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ àti àwọn olóyè rẹ̀ wá. Àjọbí kékeré púpọ̀ nínú àjọgbé ńlá kan. Ìlú méjì, ọdún kan láàárín wọn, ìdáhùn méjì sí ìbéèrè Hobbes. Mo gbà pé ẹni tó bá ti inú ọ̀rọ̀ Akìwọwọ wọ ìtàn yìí yóò rí ohun tí ẹni tó gbé Tönnies nìkan dání kò ní rí, nítorí pé níbí, àwọn méjèèjì wọ inú ara wọn. Ọ̀kan kò kú kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì korò. Nínú agbo ilé àwọn jagunjagun Ìbàdàn yẹn, ẹrú wà níbẹ̀, ìwọ̀fà wà níbẹ̀. Wọ́n jọ ń gbé. Ṣé àjọgbé la fẹ́ pe ìyẹn? Ìwọ̀fà tó ń jí lọ sí oko olówó nítorí gbèsè bàbá rẹ̀ kò sá lọ. Ṣé ìwà tó ṣù pọ̀ ló dá a dúró? Ìbéèrè Mills àti Dahrendorf tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ nìyí. Tíọ́rì tó fi ìṣùpọ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń rí ẹni tó yapa gẹ́gẹ́ bí onímọtara-ẹni. Àmọ́ ẹrú tó sá kúrò ní ilé olówó rẹ̀ yapa pẹ̀lú, kì í sì í ṣe òun ló ba ayé jẹ́. Níbi tí mo dúró, àṣùwàdà kò tíì ní ọ̀rọ̀ tó fi lè ya ìyapa méjì yìí sọ́tọ̀. Iṣẹ́ tó kù fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e síwájú nìyẹn, inú èdè náà sì ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a: a ní ìdè, a ní ìsìn, a ní ìmúnisìn, a kò tíì pè wọ́n wá jẹ́rìí.

Bí ẹ ṣe lè kà á

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ fún másítà, tàbí ẹ̀yin tí ẹ fúnra yín ń lọ, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ má ka Durkheim láti inú àkópọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ṣe. Ẹ ka ìwé náà, kí ẹ sì béèrè lójú ìwé kọ̀ọ̀kan pé ta ló ń bá jà. Ẹ ka Akìwọwọ bákan náà. Má fi í sí ìparí orí kejì nínú iṣẹ́ rẹ, kí wọ́n lè rí i pé o dárúkọ ọmọ Áfíríkà. Má sì gbé e sórí àga kó máa gba ìdọ̀bálẹ̀. Onímọ̀ tí a ń yìn tí a kò bá jiyàn mọ́, a ti sin ín láàyè. Láwuyì àti Táíwò bu ọlá fún un ju gbogbo àwa tí a ń pàtẹ́wọ́ lọ.

Ẹ sì ní iṣẹ́ tí àwọn yẹn kò rí. Èsúsú ti wọ orí fóònù. Mo mọ àwọn tó ń dá a nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, ẹnìkan ní Èkó, ẹnìkan ní Peckham, ẹnìkan ní Houston, tí àwọn kan nínú wọn kò sì rí ojú ara wọn rí. Wọn kì í ṣe àjọbí, wọn kì í ṣe àjọgbé. Ọjà tí wọn yóò ti pàdé lọ́la tí ìtìjú yóò fi mú ẹni tó sá kò sí. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ń san án títí yóò fi kárí, àwọn kan sì ń kó o sá lọ. Kí ló ya èyí tó san sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó sá? Orúkọ wo la máa fún irú ìsopọ̀ yẹn ní Yorùbá? Ẹni tó bá jókòó sí ìbéèrè yìí dáadáa, tó fi Hobbes sí apá kan àti Akìwọwọ sí apá kejì, yóò rí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ṣe níbẹ̀. Kó kọ ọ́, kó sì jẹ́ kí á bá a jiyàn.